Orin Tí Mo Fi Lé Lucien Kúrò Lórí Pápá

Èmi ni mo kọ orin tí wọ́n fi lé Lucien kúrò lórí pápá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú náà ló sọ pé àwọn ló kọ ọ́. Alápatà kan tiẹ̀ búra pé ojú àlá ni òun ti gbọ́ ọ. Irọ́ ni. Èmi ni, ọmọ àgbẹ̀ láti Idigny, tí wọ́n rán lọ sí Faransé pé kó lọ kàwé kó lè padà wá tún Dàhòmì ṣe. Òmìnira wa kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi tèmi ṣe nìyẹn.

N kò ní í sọ ti ọkọ̀ ojú omi tó gbé mi lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti dé òkè òkun ló ti sọ tirẹ̀, òkun kan náà sì ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ènìyàn ṣe ń dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, àti ohun tí ó lè ṣe kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé lójú pópó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Nílé wa, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ àgbà kọjá láì kí i, wọ́n á bi í pé ilé ta ni wọ́n ti bí i. Mo kí ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ìgboro. Mo kí obìnrin tó di búrẹ́dì gígùn mọ́ abíyá, mo sì béèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ̀. Ó sọdá sí òdìkejì títì. Ní ọjọ́ kẹta, ọlọ́pàá kan dá mi dúró, ó bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù. Mo ní rárá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé mo ti sọ ọ́ nù lóòótọ́.

Ìlú ńlá ni yunifásítì wà, ṣùgbọ́n n kò rí yàrá gbà níbẹ̀. Gbogbo ilé tí mo bá kàn sí ni wọ́n ti máa ń rí ayálégbé ní ìdajì wákàtí kí n tó dé. Ìlú kékeré kan tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá ni mo ti rí obìnrin kan tí kò tíì rí ayálégbé kankan. Opó ni. Ìyá Lucien ni mo ń pè é, torí n kò lè pe àgbàlagbà lórúkọ, kò sì pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é bẹ́ẹ̀ láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "O ti tín-ín-rín jù. Wọlé, òtútù ń wọlé bá mi."

Obìnrin náà ní kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ kan tí ó máa ń tì pa. Àpò aṣọ tí ó ń so mọ́ iwájú nígbà tí ó bá ń dáná ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé, tòun ti okùn búlúù kan. Ìdí tó fi ń tì í, ó ní nígbà ogun, ebi kọ́ òun pé kí ènìyàn má ṣe fi wàràkàṣì sílẹ̀ ní gbangba. Ní oṣù kẹta tí mo dé, ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi hàn mí. "Tí ebi bá ń pa ọ́ tí n kò sí nílé, mú un lára aṣọ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Mo ti gba ìwé ẹ̀rí tó ju méjì lọ ní ayé mi, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìjọba lára wọn. Kò sí èyí tó dà bí kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Lucien ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ọjọ́ Àìkú bá dé, yóò wọ aṣọ tí nọ́mbà mẹ́wàá wà lẹ́yìn rẹ̀, yóò lọ gbá rọ́gbì fún ìlú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà ti wọ nọ́mbà yẹn rí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wo rọ́gbì, mo rí ọkùnrin mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ki orí bọ abẹ́ ara wọn nínú ẹrẹ̀. Mo rò pé nǹkan iyebíye kan ló bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan tí gbogbo wọn ń bá a wá. Lucien ló fi èérún búrẹ́dì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí tábìlì ìyá rẹ̀.

"Àwọn alágbára mẹ́jọ rèé. Wọ́n ń jà fún bọ́ọ̀lù. Kékeré yìí yọ ọ́ jáde, ó jù ú sí mi. Àwọn asáré ló wà lẹ́yìn mi yìí. Èmi ni mo wà láàárín. Tí mo bá ti gbà á, n kò ní ààyè àtirò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé kí n jù ú sí wọn ni, ṣé kí n gbá a lọ jìnnà ni, àbí kí n gbé e sáré fúnra mi? Aṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń pè mí."

Mo ní ó jọ olórí àáró nílé wa. Mo ṣàlàyé fún un pé àwa ọ̀rẹ́ máa ń para pọ̀ ro oko ara wa, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ, ẹnìkan a sì máa mú ebè àkọ́kọ́ kí àwọn yòókù lè tẹ̀lé e.

"Tí ebè rẹ̀ bá wá wọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á fi orin bú u."

"Òun á wá ṣe kí ni?"

"Á rẹ́rìn-ín."

Lucien fi ọwọ́ gbá èérún náà jọ, ó ní, "Ìlú yín dára."

Lópin ọ̀sẹ̀, ilé ọtí ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Gaston ni mo ti ń fọ ife. Dakar ni Gaston ń pè mí. Mo sọ fún un pé Dàhòmì ni mo ti wá, pé Dakar jìnnà sí wa bí ilé rẹ̀ ṣe jìnnà sí ìlú Jámánì. Ó ní òun gbọ́. Ó ní, "Dakar, bá mi nu tábìlì yẹn." Mo ti ka ìwé àwọn onímọ̀ Faransé tó kọ̀wé nípa iyì ọmọ ènìyàn, mo sì lè ka apá kan rẹ̀ lórí. Mo nu tábìlì náà.

Bí eré bá parí, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ rọ́gbì máa ń dà sí. Kò sí èyí nínú wọn tó lè sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ láì sinmi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ibi tí ó yẹ kí ẹsẹ̀ gbogbo ẹni tó ń sáré balẹ̀ sí. Àwọn méjì ni àgbà wọn. Ọ̀kan ni alápatà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí ikùn rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀. Èkejì ni olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, tí ó sì gbà pé ìdí nìyẹn tí òun fi rí eré náà kedere. Àárín wọn ni mo ń gbé ife kọjá, bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan, pákó já lu ọwọ́ ọ̀tún Lucien. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó kàn ha òun lára ni. Èmi ló fi ìka méjì hàn nínú yàrá mi. Wọ́n ti wú, kò lè ká wọn.

Ó ní, "N kò lè fi ju bọ́ọ̀lù jìnnà sí apá òsì. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tí àwọn ẹgbẹ́ kejì bá gbọ́, ọwọ́ yìí ni wọ́n máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí àwọn tiwa bá gbọ́, wọ́n ò ní í fi mí sínú eré, àwọn ìlú kejì la sì fẹ́ bá gbá."

Mo ṣèlérí. N kò sì sọ. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí, torí òun nìkan ni mo ní láti fi gbèjà ara mi, kò sì tó nǹkan.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, wọ́n pàdánù. Àwọn tó wọlé ọtí ló jẹ́ kí n mọ bó ṣe rí. Eré ku díẹ̀ kó parí, bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Lucien, asáré mẹ́ta dúró lápá òsì tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú wọn. Dípò kó jù ú sí wọn, ó gbá a sókè. Àwọn ìlú kejì gbà á, wọ́n gbé e sáré lọ gba àmì ayò.

Alápatà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì. "Àwọn mẹ́ta. Mẹ́ta, kò sí ẹnìkan níwájú wọn. Ìyá mi ìbá ju bọ́ọ̀lù yẹn."

Olùkọ́ ní, "Ìyá rẹ kì í ṣe nọ́mbà mẹ́wàá. Nọ́mbà mẹ́wàá ni ọpọlọ ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ọpọlọ ni láti yàn. Ó yan ẹsẹ̀."

"Ọpọlọ wo ló ń yan ẹsẹ̀ nígbà tí ọwọ́ wà?"

"Eré kan kò tó láti fi dá aṣílẹ̀kùn lẹ́jọ́. Ta ló jẹ́ ká borí lóṣù tó kọjá?"

"Bàbá rẹ̀ kò ní í gbá a. Bàbá rẹ̀ á jù ú."

"O bú bàbá rẹ̀ náà nígbà ayé rẹ̀. Mo wà níbẹ̀."

Gaston bọ́ sí àárín wọn. "Ẹ jẹ́ ká bi Dakar. Ilé wọn ló ń gbé. Dakar, kí lo rí sí i?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti lò ní ìlú yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú tó ju méjì lọ máa wò mí láìṣe pé wọ́n ń wo àwọ̀ mi. Mo mọ ìdí tí Lucien fi gbá bọ́ọ̀lù náà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Mo lè sọ pé n kò mọ nǹkan kan nípa eré yìí. Òtítọ́ ni ìyẹn ìbá jẹ́ pàápàá.

Ilẹ̀ Kétu ni Idigny wa wà. Níbi tí wọ́n bí mi sí, tí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá dé, ẹ̀fẹ̀, akọrin tó ń gbé agọ̀, a máa jáde lóru, a máa fi orin sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe láàárín ọdún, ìbáà ṣe ìjòyè. Ẹni tí wọ́n bá kọrin rẹ̀ kò gbọdọ̀ bínú. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, òun àti akọrin á pàdé lọ́nà odò, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà á sì tán níbẹ̀. Ohun tí gbogbo ìlú bá ti jọ gbé kì í wúwo lórí ẹnìkan. Bí mo ṣe mọ orin yẹ̀yẹ́ nìyẹn. N kò mọ̀ pé ibòmíràn wà tí kì í tán.

Mo fi èdè Faransé kọ ọ́, lórí ohùn orin kan tí àwọn fúnra wọn máa ń kọ tí wọ́n bá mutí. Mo gbé ife méjì dání, mo ń fi ìkan gbá ìkejì:

*Aṣílẹ̀kùn wa dé ẹnu ọ̀nà,*
*Ó wá kọ́kọ́rọ́, kò rí i.*
*Ó gbá bọ́ọ̀lù gba ojú fèrèsé:*
*Lucien, lọ bi ìyá rẹ,*
*Ó wà ní àpò aṣọ ìdáná.*

Ẹ̀rín wó ilé náà lulẹ̀. Alápatà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un kọ, mo tún un kọ. Gaston bu ọtí pupa fún mi, ó fà mí jáde kúrò lẹ́yìn kántà, ó wá bi mí pé, "Kí tiẹ̀ ni orúkọ rẹ gan-an?" Mo sọ ọ́. Wọ́n fọ́ ọ sí mẹ́ta, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n. Inú mi dùn. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, n kò sì rántí òtútù.

Ohun tí mo gbàgbé nínú ẹ̀fẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Akọrin nílé wa kò tó láti la ẹnu bú ẹnikẹ́ni kó tó júbà àwọn ìyá tí ọdún náà wà fún. Èmi kò júbà, mo tún kó ìyá sínú orin.

Lọ́jọ́ Ajé, orin náà ti dé ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Lọ́jọ́bọ̀, ó dé ọjà. Nígbà tí ọjọ́ Àìkú fi pé, gbogbo àwọn tó jókòó yí pápá ká ló mọ̀ ọ́n. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Gaston mú mi lọ, ó ní kí n wá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ Lucien, wọ́n á gbé orin náà. Ó já bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà náà, wọn kì í pààrọ̀ ẹni nínú eré yẹn, ìwọ tí o bá wọlé, o wọlé títí yóò fi parí. Ọgọ́rin ìṣẹ́jú ló fi gbọ́ orin mi. Kò rẹ́rìn-ín.

Lórí tábìlì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ̀ ń bá a gé ẹran sí wẹ́wẹ́, torí kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀bẹ mú. Ó bi mí láì gbójú sókè.

"Ìwọ tó ń ṣiṣẹ́ nílé Gaston, o ò gbọ́ ẹni tó kọ ọ́?"

Mo ní, "N kò gbọ́, Mà."

Lucien wò mí. Ó ní, "Ẹni tó kọ ọ́ gbọ́n. Mo gba ojú fèrèsé lóòótọ́." Ó sì ń jẹun lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n fún ẹlòmíràn ní nọ́mbà mẹ́wàá. Lucien lọ ṣiṣẹ́ igi gígé ní igbó tó jìnnà, kò sì gbá rọ́gbì mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, mo bá a gbé àpò rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti sọ, ṣùgbọ́n àpò náà ni mo ń gbé láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Òun ló sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti mọ orúkọ rẹ báyìí, àbí?"

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Ó béèrè bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ni. Ọkọ̀ dé, ó gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Kí n tiẹ̀ sọ bí orúkọ náà ṣe pẹ́ tó. Kó tó di ìgbà ìkórè èso àjàrà, mo ti tún di Dakar. Orin náà kò nílò mi mọ́, alápatà ti sọ pé òun ló kọ ọ́. Nọ́mbà mẹ́wàá tuntun ń ju bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìgbà, títí kan ìgbà tó yẹ kó gbá a. Mo gbọ́ tí alápatà ń sọ, pẹ̀lú ọwọ́ láyà, pé láti ìgbà tí ìlú náà ti wà, kò sí aṣílẹ̀kùn tó dà bí Lucien. Olùkọ́ ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ń fọ ife.

Ní ìparí ọdún, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, akọ̀wé ìjọba ní Àjàṣẹ́, olú ìlú wa, kọ lẹ́tà pé òun máa pè mí lórí tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ọjọ́ báyìí, aago báyìí. Ìyá Lucien ní òun máa bá mi lọ, nítorí pé òun kò tíì gbọ́ ohùn tó ti Áfíríkà wá rí. Ohùn tó jáde kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá mi ni. Ó ti kúrò ní Idigny láti ọjọ́ méjì ṣáájú kó lè bá mi sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ó kí mi. Ó kí mi kú òtútù, kú ìwé, kú àìrójú, ó kí mi kú gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Ìṣẹ́jú méjì lọ nínú ìkíni. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Obìnrin tó ń ṣe ìyá fún ọ níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Ìyá."

"Fún un ní nǹkan náà kí n kí i."

Mo ní kò ní í gbọ́ èdè wa. Ìyá mi ní, "Ìwọ kò lọ kàwé ni? Sọ ọ́ fún un. Sọ pé mo kúnlẹ̀. Sọ pé ọmọ tó ń bá mi tọ́jú yẹn, kò ní í dójú tì í."

Mo di tẹlifóònù mú létí. Ìyá Lucien ń wò mí lẹ́nu. Mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn amòye láti èdè kan sí èkejì fún ìdánwò, mo sì gba máàkì rere. Kò sí gbólóhùn tó le fún mi tó ìyẹn. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe wà, n kò yọ nǹkan kan kúrò.

Ó ní, "Sọ fún un pé o ń jẹun dáadáa." Mo sọ ọ́. Ọ̀nà sì já.

Nígbà tí à ń lọ sílé, ó di apá mi mú, torí yìnyín ti mú ilẹ̀ yọ̀. Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, ó ní:

"Gaston kò wọ ilé mi rí. Alápatà náà kò wọ̀ ọ́ rí. Ta ló máa sọ fún wọn pé inú àpò aṣọ ìdáná mi ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé?"

Mo ń wo yìnyín tí mo ń tẹ̀.

"Lucien ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní kí n má lé ọ, pé òtútù wà." Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀. "Má sọ fún ìyá rẹ. Kò yẹ kí obìnrin tó kí mi láti ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀ gbọ́ irú rẹ̀."

A délé. Kọ́kọ́rọ́ náà wà níbi tó máa ń wà, lára aṣọ tó fi kọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò gbé e kúrò níbẹ̀ títí mo fi parí ẹ̀kọ́ mi. Èmi ni n kò fọwọ́ kàn án mọ́. Tí ebi bá ń pa mí, mo máa ń dúró dè é kó dé.

Mo ti padà sílé tipẹ́. Wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì, tábìlì, àti orúkọ oyè tí mo ń gbé síwájú orúkọ mi, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọ́ sí mẹ́ta. Tí mo bá lọ kí ìyá mi ní Idigny, bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ń gbàdúrà fún bàbá mi tó ti lọ, fún ẹ̀gbọ́n mi, fún oko. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, yóò dárúkọ obìnrin òkè òkun yẹn. Ó ti kọ́ láti pè é dáadáa, ju bí ẹnikẹ́ni ṣe pe tèmi lọ́hùn-ún lọ. Yóò ní, Ìyá Lucien, ọmọ tó bá mi tọ́jú, kò ní í dójú tì í láéláé.

Yóò wá dúró de ìdáhùn mi. Orí ìdọ̀bálẹ̀ ni mo máa ń wà, ojú mi wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń rí i.

Mo ń ṣe àmín.